Òkè Ni À Ń Wò, A Kò Wo Ìsàlẹ̀: Ìtàn Ìtọ́jú Pátákò Ẹṣin láti Ọ̀yọ́-Ilé dé Kàdúná

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ènìyàn nìkan wí, ó bá ẹṣin wí pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ẹṣin nílẹ̀ Yorùbá àti ní Ìhà Àríwá Nàìjíríà, òkè ni ojú àwọn òpìtàn sábà máa ń wà. Wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa ọba tí ó gùn ún, nípa ọ̀kọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ jagunjagun, nípa gàárì tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ àti ìjánu tí ń dún. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò tẹ orí ba kí ó wo pátákò mẹ́rin tí ó ru gbogbo ògo náà. Síbẹ̀, bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń dun ẹṣin, ọba kò ní lè jáde, jagunjagun yóò di ẹlẹ́sẹ̀ lásán, ẹni tí ó sì ń ti ara ẹṣin jẹun yóò pa ebi mọ́nú.

Ohun tí àròkọ yìí dá lé ni bí a ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ ẹṣin láti ayé Ọ̀yọ́-Ilé títí dé Kàdúná òde òní, ìlú tí Tudun Wada jẹ́ àdúgbò pàtàkì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìtàn náà, a óò gbé oríṣiríṣi ọ̀nà ìwòsàn ka orí ìwọ̀n, kí a lè mọ èyí tí ó yẹ kí a dì mú ṣinṣin àti èyí tí ó yẹ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹṣin ní Ayé Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹṣin kì í ṣe ẹran inú igbó. Eṣinṣin tsetse tí ń gbé inú igbó kìjikìji àti etí odò a máa gbin àrùn sí i lára, àrùn náà a sì máa pa á. Ọ̀yọ́-Ilé ní tirẹ̀ wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ní apá àríwá ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí eṣinṣin náà kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó fún Aláàfin ní àyè láti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jọ. Síbẹ̀síbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹṣin Ọ̀yọ́ ni a ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń bọ̀ láti òkè Odò Ọya. Ohun tí a bá sì fi ọrọ̀ ńlá rà láti ọ̀nà jíjìn, a kì í fi í ṣeré.

Ọ̀wọ̀ tí a ní fún ẹṣin hàn nínú oyè jíjẹ. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà nípa Olókùn-ẹṣin, ìjòyè tí ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí àṣà sì là á sílẹ̀ pé kí ó bá ọba lọ nígbà tí ọba bá wàjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lórí ọ̀ràn yìí lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù ní ọdún 1944 ni Dúró Ládipọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Wàjà, kà. Òun náà ni Wọlé Ṣóyínká fi ṣe ìpìlẹ̀ eré tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Johnson tún sọ nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́, 70 akọni tí wọ́n jẹ́ òpó ogun Ọ̀yọ́. Gbogbo wọn ni ìtàn rántí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ń jí ní ìdájí láti fi igi yọ òkúta kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹṣin, ta ni ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Nígbà tí Ọ̀yọ́ gbógun ti Dàhọ̀mì ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin ni ó ṣáájú ogun náà. Ogun náà tún lọ lẹ́yìn ìgbà náà, títí Dàhọ̀mì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, àdéhùn tí a tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1748. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí kì í pẹ́ lọ́hùn-ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ, wọn a sì kọrí sílé kí òjò tó dé. Àìrí oúnjẹ fún ẹṣin ni ìdí tí àwọn òpìtàn sábà máa ń dárúkọ. Ẹni tí ó bá mọ ìwà pátákò yóò rí i pé ìdí mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹrọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin. Omi a máa sọ pátákò di rírọ̀, ìdọ̀tí a sì ráyè wọ inú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ní ayé ìgbà náà, a kì í sábà kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 900 ọdún tí ó ti wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Kì í ṣe pé a kò ní alágbẹ̀dẹ. Àwọn ọmọ Ògún ni wọ́n ń rọ ìjánu, tí wọ́n ń rọ ọ̀kọ̀ àti idà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a fi òkúta tẹ́ nígbà náà. Orí iyẹ̀pẹ̀ àti koríko ni ẹṣin ń rìn. Bí pátákò bá ti ń hù ni ilẹ̀ ń yìn ín, tí ọ̀kan kò sì yára ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, Ìlọrin ni agbára ẹṣin bọ́ sí lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, tí wọ́n sì dá wọn dúró láti má ṣe sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀ igbó mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ìbọn àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni ogun ilẹ̀ Yorùbá gbára lé jù, ẹṣin sì di ohun iyì fún àwọn olóyè. Ohun iyì náà ni ó jẹ́ títí di òní ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé ológun ti ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá.

Kàdúná àti Tudun Wada

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bíi Kánò tàbí Sáríà. Ìjọba Lugard ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, ní ọdún 1917 ni olú-ìlú Ìhà Àríwá sì kúrò ní Zungeru bọ́ síbẹ̀. Ó wà ní ipò yìí títí a fi pín ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967. Bí ìlú náà ti ń fẹ̀ ni a ń pín àwọn ènìyàn sí àdúgbò wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá nígbà ìjọba òyìnbó, Sabon Gari ni a sábà máa ń fi fún àwọn àlejò láti Gúúsù, Tudun Wada ni a sì ń fi fún àwọn ará Àríwá tí wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú náà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ orúkọ yìí ní Kàdúná, ní Sáríà, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kánò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá ni òkè ọrọ̀, ibi gíga tí ìdẹ̀ra wà. Tudun Wada ti Kàdúná kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá, nítorí pé níbẹ̀ ni Kaduna Polytechnic, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, fìdí kalẹ̀ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ológun òyìnbó mú eré póló àti eré ìje ẹṣin wá sí Kàdúná. Àwọn ọmọ ọba Haúsá àti Fúlàní, tí ẹṣin kò ṣàjèjì sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Usman Nagogo, Ẹ́míà Kàtsínà, gbajúmọ̀ níbi póló. Ọmọ rẹ̀, Hassan Usman Katsina, tí ó jẹ́ gómìnà ológun Ìhà Àríwá láti ọdún 1966 sí 1967, náà kò gbẹ́yìn nínú eré yìí. Pápá eré ìje ìlú náà ni a sọ ní Murtala Square lẹ́yìn ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọdún 1976.

Ọjọ́ ńlá méjì ni ó mú kí gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹṣin Kàdúná. Èkíní ni oṣù Èrèlé ọdún 1956, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà, tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti gbogbo ẹkùn Àríwá sì péjọ láti júbà rẹ̀. Èkejì ni oṣù Èrèlé ọdún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, tí a tún kó ẹṣin jọ síbẹ̀ fún ìran Durbar. Nítorí àjọ̀dún náà ni a ṣe kọ́ Hòtẹ́ẹ̀lì Durbar sí ìlú náà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òkè ni ojú gbogbo ènìyàn ń wò: láwàní, aṣọ aláràǹbarà, agboòrùn, idà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin wọ̀nyí ti rìn jìnnà. Wọ́n ti kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀ ìlú wọn bọ́ sórí ilẹ̀ pupa líle àti ọ̀nà ọ̀dà. Ilẹ̀ tí kò gba pátákò tọwọ́tẹsẹ̀ ni Kàdúná gbé kalẹ̀ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìgboro gbogbo ìlú ńlá ti ń ṣe.

Ìmọ̀ ìṣègùn ẹran náà ti fìdí múlẹ̀ ní agbègbè yìí kí ọjọ́ méjèèjì náà tó dé. Ní ọdún 1924 ni a dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1947 ni a dá ilé ìwádìí mìíràn sílẹ̀ lórí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń fà, Kàdúná ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní Sáríà ní ọdún 1962 ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran àti ilé ìwòsàn ẹran. Nítorí náà, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń tiro ní Tudun Wada wà láàárín ìmọ̀ méjì: ìmọ̀ àwọn àgbà tí ń tọ́jú ẹṣin láti ìran dé ìran, àti ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ẹran tí kò jìnnà sí i. Èwo ni kí ó tẹ̀lé? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí pátákò jẹ́.

Ohun tí Pátákò Jẹ́

Ohun tí a fi ṣe èékánná ènìyàn ni a fi ṣe ògiri pátákò. Láti òkè, ní ibi tí irun ti pàdé rẹ̀, ni ó ti ń hù wá sísàlẹ̀, bíi mìlímítà 6 sí 10 ní oṣù kan. Bí iwájú rẹ̀ bá bàjẹ́ láti òkè, yóò tó nǹkan bí ọdún kan kí titun tó hù dé ilẹ̀. Nínú rẹ̀ ni egungun kan wà tí ó rí bí pátákò kékeré. Ohun tí ó so egungun yìí mọ́ ògiri ni bíi 600 awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n wọnú ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Orí ìsopọ̀ yìí ni gbogbo ìwúwo ẹṣin rọ̀ mọ́. Ní àtẹ́lẹsẹ̀, apá rírọ̀ onígun mẹ́ta kan wà tí ń bá a gba agbára ilẹ̀ mọ́ra.

Nínú ìwúwo ẹṣin, bí ìdá 60 nínú 100 ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń rù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ni àìsàn sábà máa ń mú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń dun ẹṣin, yóò gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún bá kan ilẹ̀, yóò sì tẹ orí ba nígbà tí èyí tí ó sàn bá kàn án. Ẹni tí kò mọ èyí a máa di ẹ̀bi ru ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa fi òróró pa èjìká tàbí orúnkún ẹṣin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣó kékeré kan ni ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Amúkùn-ún sá ti wí tirẹ̀.

Àwọn Àrùn àti Ìwòsàn Wọn

Àkọ́kọ́ ni ọyún inú pátákò. Òkúta tàbí ìṣó a gún ẹsẹ̀, ìdọ̀tí a wọlé, ọyún a sì kó jọ. Nítorí pé ògiri pátákò kò lè wú, ọyún náà a máa fún inú rẹ̀, ìrora rẹ̀ a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin kò ní fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé egungun ni ó kán. Ìwòsàn rẹ̀ kò le: kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá ibi tí ọyún wà, kí ó là á kí ó ṣàn jáde, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ rẹ ẹsẹ̀ náà, kí a sì dì í kí ìdọ̀tí má baà wọ ọ́ mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹṣin tí a ti ń sunkún lé lórí a tún máa rìn. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ń mú kí ẹnu di pọ́n kí ara sì le gbagidi, fẹ́ràn irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹran ọ̀sìn tí ó tètè ń mú tó ẹṣin. Láti ọdún 1890, nígbà tí Behring àti Kitasato ṣàwárí oògùn tí ń pa oró rẹ̀, kò yẹ kí a tún máa fi ẹṣin ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọgbọ́n.

Èkejì ni jíjẹrà apá rírọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀. Òórùn burúkú àti omi dúdú ni àmì rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tí a kò kó kúrò ní ibùso ni ó sábà máa ń fà á, pàápàá ní ìgbà òjò. Níhìn-ín, ọgbọ́n àgbà àti ọgbọ́n ìwé fi ẹnu kò: kí ilẹ̀ gbẹ, kí a máa ha ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí a gé ohun tí ó ti jẹrà kúrò. Xenophon ará Gíríìkì, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ti gba àwọn ènìyàn rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n tẹ́ òkúta sí àgbàlá ẹṣin kí pátákò lè máa le. Ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó burú jù: kí àwọn awẹ́ 600 tí ó so egungun mọ́ ògiri pátákò wú kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àjẹjù ọkà wà lára ohun tí ń fà á. Xenophon mọ̀ ọ́n, ó sì so ó mọ́ ọkà bálì. Ní tiwa, ọkà bàbà àti jéró tí a ń rọ́ sí ẹṣin lẹ́nu kí ó lè sanra de ọjọ́ ọdún lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bákan náà ni sísáré lórí ilẹ̀ líle, ibi ọmọ tí kò jáde tán lára abo ẹṣin, àti kí ẹsẹ̀ kan máa ru ẹrù èkejì tí ó farapa. Nils Obel ará Swídìn ni ó pín bí ìrora àrùn yìí ti ń le sí ìpele 4 ní ọdún 1948, ìpín náà ni a sì ń lò di òní. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, a óò dá ọkà dúró, a óò fi omi tútù tàbí yìnyín mú ẹsẹ̀ tutù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a óò sì fi ẹṣin sórí ilẹ̀ rírọ̀ kí ó sinmi. Bí a bá pẹ́, egungun inú lè yí, ó sì lè gún àtẹ́lẹsẹ̀ yọ. Nígbà náà, ọ̀ràn ti di ti ikú àti ìyè.

Ẹ̀kẹrin ni ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ẹ̀yìn pátákò, níbi tí egungun kékeré kan àti iṣan ńlá ti ń ra ara wọn. Èyí kì í sábà sàn pátápátá. A lè fi gígé pátákò dáradára àti bàtà irin tí ó bá a mu dín in kù. A lè fún un ní oògùn apàrora bíi phenylbutazone, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ènìyàn ní ọdún 1949 kí ó tó di ti ẹṣin. A sì lè gé iṣan ìmọ̀lára tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ.

Irin Gbígbóná

Nínú gbogbo ìwòsàn àtijọ́, kò sí èyí tí ó ń fa àríyànjiyàn tó fífi irin gbígbóná jó ẹsẹ̀ ẹṣin. Kì í ṣe Àríwá Nàìjíríà nìkan ni ó ti wáyé. Àwọn ará Lárúbáwá ṣe é. Àwọn òyìnbó pàápàá ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì fi kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wọn. Èrò wọn ni pé iná yóò pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì mú ìwòsàn wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Yunifásítì Bristol ṣe lórí iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1983, fi hàn pé jíjó náà kò mú ìwòsàn yá. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹran ti Ìlú Ọba kéde pé kò tọ̀nà mọ́.

Báwo wá ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹṣin tí a jó ni ó sàn? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju pé ẹṣin tí a bá jó kò lè ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Ìsinmi ni ó wo ẹsẹ̀ náà sàn. Iná ni ó gba ìyìn. Kò yẹ kí a tìtorí èyí fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó wà nínú àṣìṣe kan náà títí di àná yìí. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a mú ìsinmi tí ó wà nínú ìwòsàn náà, kí a sì fi iná sílẹ̀.

Gbígbé Ọ̀nà Ìwòsàn ka Orí Ìwọ̀n

Bí a bá fi ojú inú wo ọkùnrin kan ní Tudun Wada tí ó ní ẹṣin kan ṣoṣo, tí àwọn ọmọdé ń sanwó gùn ní ọjọ́ ọdún, ọ̀ràn náà yóò yé wa yékéyéké. Ọdún ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹnìkan ní kí ó jó o. Èkejì ní kí ó ra oògùn apàrora, ọdún yóò kọjá kí wàhálà tó dé. Ẹ̀kẹta ní kí ó tà á fún àwọn tí ń pa ẹran. Ẹ̀kẹrin ní kí ó pe oníṣègùn ẹran. Owó oníṣègùn ń bà á lẹ́rù, owó ọdún tí yóò pàdánù sì ń dùn ún.

Oògùn apàrora ni ó dùn mọ́ni jù lójú. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ọ̀tá nìkan, ọ̀dẹ tí ń ṣọ́ ilé náà ni. Ẹṣin tí kò mọ ìrora mọ́ yóò fi ẹsẹ̀ tí ó bàjẹ́ sáré, ohun tí ì bá sàn ní ọ̀sẹ̀ kan yóò sì di ohun tí kò ní sàn láéláé. Gígé iṣan ìmọ̀lára náà rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fún ẹṣin ní ọdún díẹ̀ sí i láìsí ìrora, ṣùgbọ́n bí ìṣó bá gún ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn èyí, ẹṣin kò ní tiro kí olówó rẹ̀ lè mọ̀. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí ti gba iṣẹ́ ìṣọ́ lọ́wọ́ ìrora. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wo ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ọkùnrin yìí bi ara rẹ̀. Ṣé mo mọ ibi tí ó ń dùn ún gan-an, àbí mo kàn ń méfò? Ṣé ìwòsàn yìí yóò wo àrùn náà, àbí yóò bò ó mọ́lẹ̀? Ṣé mo ní owó àti sùúrù láti ṣe é dé òpin? Bí kò bá sì sàn, irú ayé wo ni ẹṣin yìí yóò máa gbé? Bí ọyún ni, owó tí yóò fún oníṣègùn kò tó ìdá díẹ̀ nínú iye tí yóò fi ra ẹṣin mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé egungun ti gún àtẹ́lẹsẹ̀ yọ, owó Ẹ́míà pàápàá lè má gbà á là.

Amẹ́ríkà kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2006, ẹṣin kan tí ń jẹ́ Barbaro, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú ìdíje Kentucky Derby, dá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún lórí pápá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Pennsylvania. Kò sí ohun tí owó lè rà tí wọn kò rà. Egungun náà ń jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì, tí ó ti ń ru ẹrù ọ̀tún, ni àrùn awẹ́ tí ń já mú ní oṣù Agẹmọ. Wọ́n gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú pátákò náà kúrò, wọ́n sì ń dúró kí ó hù. Ní ọjọ́ 29, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2007, olówó rẹ̀ àti àwọn oníṣègùn gbà pé ìrora náà ti kọjá ohun tí ó yẹ kí ẹ̀dá fara dà, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò gbìyànjú. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a dáwọ́ dúró wà lára ìtọ́jú, kì í ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ìkádìí

Láti Ọ̀yọ́-Ilé dé Kàdúná, ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ògo tí a ń rí lókè kò ju ibi tí pátákò lè gbé e dé. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì fi sínú òwe. Ohun tí ó ń ṣe wá ní àbùkù ni pé orúkọ àwọn ohun èlò òkè wà lẹ́nu wa, bíi gàárì, ìjánu àti kẹ́sẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá dé ìsàlẹ̀, pátákò nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Àwọn orúkọ yòókù, bí wọ́n bá wà, ẹnu àwọn àgbà tí ń sin ẹṣin ní Ìlọrin, ní Ọ̀yọ́, ní Ìṣẹ́yìn àti ní Ìjẹ̀bú-Òde ni a óò ti gbọ́ wọn. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ó sì yẹ kí a ṣe é nígbà tí àwọn àgbà náà ṣì wà láàyè láti dáhùn.

Ní ti ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń tiro lónìí ní Tudun Wada tàbí ní ibikíbi, kì í ṣe ọ̀ràn kí ó kọ àgbà kí ó tẹ̀lé ìwé, tàbí kí ó kọ ìwé kí ó tẹ̀lé àgbà. Kí ó gba ìmọ́tótó, sùúrù àti ìsinmi lọ́wọ́ àgbà. Kí ó gba abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ àti fọ́tò inú egungun lọ́wọ́ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà lé orúnkún rẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì wò ó dáradára. Ìsàlẹ̀ ni ẹrù ti ń wọ́.